Orúkọ Tí Ogui Sọ Ìyá Mi

Ọjọ́ tí físà ẹ̀gbọ́n mi jáde ni ìyá mi di Mama Doctor. Bọ̀dá Jùwọ́n kò tíì di ẹrù, kò tíì ra ẹ̀wù òtútù, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa ní Ogui, nílùú Enugu, ti ń fi orúkọ náà kí i. Àwọn ará àdúgbò wa kì í fi oyè falẹ̀. Ọmọ ṣì ní ọdún mẹ́fà láti fi kàwé, ìyá rẹ̀ ti jẹ oyè tán. Àwa Yorùbá Enugu náà ò sì bá wọn jà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìyá mi láti àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìlà iwájú, ibẹ̀ ló sì ń jókòó títí di ọdún tó kọjá.

Èmi ni Oyèbísí, àbúrò Bọ̀dá Jùwọ́n. Bàbá wa, Alfred Ògúnbíyìí, ti Abẹ́òkúta wá ṣe akọ̀wé rélùwéè níbí, Enugu ló sì ti bí wa. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi rán Bọ̀dá lọ sí ilé-ìwé ìṣègùn ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1998. Èmi kàwé tíṣà, mo gbaṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró ti ìyá wa. Èmi ni mò ń mú un lọ gba oògùn ojú, èmi ni mò ń dúró ti omi nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní Mama Teacher rí. Mi ò sọ pé ó dùn mí o. Irọ́ ni, ó dùn mí.

Láti 1998 tó ti lọ, Bọ̀dá ò fẹsẹ̀ kan Enugu mọ́. Nígbà tí Bàbá kú ní ọdún kejì, ó ní ìwé ìgbélùú òun ò tíì pé. Nígbà tó yá, ìwé pé. Ó wá ń sọ pé, "Ó di Kérésì, Mama." Kérésì ń dé, Kérésì ń lọ, a ò rí i.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀, Tósìn, dé. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń ka jọ́gíráfì ní yunifásítì, ó sì ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó kúnlẹ̀ pẹ́ débi pé ọkùnrin kan tó ń kọjá bi í ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ga bíi bàbá mi. Ìyá mi ń fọwọ́ pa á lórí. Yorùbá ọmọ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Coal Camp níhìn-ín náà ò lè ka oókan dé ogún?

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Doctor dé. Ẹnì kan mú fọ́tò egungun ẹ̀yìn wá, ẹnì kan mú ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀. Lilian, aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì títì, mú ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Ilé ìwòsàn ti fún un láti oṣù tó ṣáájú, kò tíì gbé ẹyọ kan mì.

"I wan make Doctor look am first," ó ní. "Your papa na our own. Wetin he talk, na im I go do."

Tósìn gba gbogbo rẹ̀. Ó ya àwòrán àwọn ìwé náà sínú fóònù, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Ní Sátidé, ó ní òun fẹ́ jẹ ọ̀kpá Ninth Mile, pé bàbá òun kì í yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, lẹ́yìn ìlú. Ọ̀kpá náà gbóná nínú ewé, ó pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín tí epo pọ̀ nínú rẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Nsukka àti Onitsha. Tósìn ò bu tirẹ̀ jẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

"Àǹtí Bísí," ó ní, "Daddy is not a doctor."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé ọ̀kpá mi. Ó tún un sọ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, kí n má baà rí ibi sá sí. "Daddy kì í ṣe dókítà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà."

Ó ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí Bàbá kú, owó ilé-ìwé dúró. Bọ̀dá fi ìṣègùn sílẹ̀ ní ọdún kejì, ó ní òun á padà, kò padà. Ó fẹ́ sọ fún wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé fóònù níhìn-ín, "Doctor, how far?" ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Inú bí mi. Mo rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n béèrè àlàáfíà rẹ̀ lọ́wọ́ mi láì béèrè tèmi. Síbẹ̀, ohun tí mo sọ ni pé kí ọmọ náà pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúkọ yẹn ló fi ń rìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?

"Sọ fún Lilian pé Daddy ní kó lo oògùn rẹ̀," mo ní. "Ó parí."

"And the next person?" Tósìn bi mí. "Tí oògùn yẹn ò bá dáa fún ẹni yẹn ńkọ́, Àǹtí?"

Ọmọ tó ń ka jọ́gíráfì ló ń kọ́ èmi tíṣà lẹ́kọ̀ọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní tí wọ́n bá bi òun ní Leeds pé níbo ni òun ti wá, Enugu ni òun ń sọ. Àwọn màmá Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn á ní rárá, Abẹ́òkúta ni. Òun ò rí Abẹ́òkúta rí. Òun wá dé Enugu, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ tí òun wọ̀ ní, "You be Lagos people." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé èmi tí wọ́n bí síbí, tí mò ń kọ́ ọmọ wọn ní ìwé, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ṣì ń kọ sínú fọ́ọ̀mù.

"Daddy nìkan ló mọ ilé ẹ̀," ó ní. "Enugu ni. He just can't come."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn ìyókù ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Tósìn kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi kí ó tó tú gèlè. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì lè dá a dúró. Mo wo ojú fèrèsé. Lilian jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó fọwọ́ di orí mú. Mi ò dá a dúró.

Ọmọ náà sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀.

"Irú bọ́ọ̀sì wo?" ìyá mi bi í.

"Alájà méjì, Grandma. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún Daddy pé thank you."

"Gbogbo wọn?"

"Àwọn tó pọ̀ jù."

"Ìyẹn dáa," ìyá mi ní. "Kí ló wá dé tí kò wá wò mí?"

Tósìn wò mí, mo wolẹ̀. "Daddy sọ pé, tí ẹnì kan bá pe àwọn ní Doctor ní Ogui Road, àwọn ò mọ nǹkan tí àwọn máa sọ."

Ìgbà yẹn ni ìyá mi bú sẹ́kún. "Ṣé orúkọ tí wọ́n ń pè mí ni kò jẹ́ kí n fojú kan ọmọ mi?" ó ní. "Èmi náà sì ń dáhùn, Bísí. Mò ń dáhùn, ó ń dùn mọ́ mi."

Ìbínú mi sí Bọ̀dá rọ̀ níbẹ̀. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sá fún oyè tí kì í ṣe òun ló fi ara rẹ̀ jẹ.

Ìyá mi fi etí gèlè nu ojú, ó dìde, ó sọdá títì lọ bá Lilian. Àwa méjèèjì tẹ̀ lé e.

"Lilian, take your medicine," ó ní. "My son no be doctor. Na bus e dey drive for England."

Lilian rò pé àwàdà ni. "Ah-ah, Mama Doctor."

"Mama Jùwọ́n," ìyá mi ní. "No call me that other one again."

Ẹ̀rín kúrò lójú Lilian. Ó wọlé, ó gbé oògùn àti omi jáde, ó gbé ẹyọ kan mì lójú wa, ó sì di ọwọ́ ìyá mi mú fún ìgbà díẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ mú un padà sílé. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó yà sí ilé kejì, ó yà sí ìkẹta. Gbólóhùn kan náà ló ń sọ fún wọn. Nígbà tí a kúrò ní ilé karùn-ún, mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ìyá mi ò wẹ̀yìn.

Tósìn ti pe bàbá rẹ̀. Ó na fóònù sí ìyá mi lẹ́bàá gọ́tà, mo sì ń gbọ́ ohùn Bọ̀dá: "Mama, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ padà sílé, Mama."

"Jùwọ́n, dákẹ́," ìyá mi ní. "Ilé mẹ́rin ló kù. Jẹ́ kí n sọ fún wọn tán. Tí o bá dé, kò ní í sí ẹni tó máa pè ọ́ ní dókítà."