Ọjọ́ Tí Ẹnu Mi Là Níwájú Erin

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí. Orí mi ti ń jò bí òrùlé àtijọ́. Orúkọ èèyàn ń bọ́ lọ, ọjọ́ ń bọ́ lọ. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe Ráṣídá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́, ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti erin yìí ò tíì jò dànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó mú bírò.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo fi ayé mi ṣe. Mi ò kàwé. Kéwú náà, ìwọ̀nba tí mo fi ń kírun ni mo mọ̀. Lọ́rì iṣu ni mo kọ́kọ́ ń wà, láti Kàìámà wá sí Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, a máa sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá yín, kó lọ dúró síwájú lọ́rì kó gbọ́ fèrè."

Nígbà tí lọ́rì yẹn kú pátápátá, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní GRA. Jíìpù méjì ló ní, tó fi ń kó àlejò lọ sínú igbó ìjọba lápá Kàìámà, níbi tí wọ́n ti ń lọ wo ẹranko. Ilé àlejò kan wà nínú igbó yẹn tí wọ́n ń sùn sí, lọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀? Dírẹ́bà tí mo lé lọ, ẹnu ẹ̀ ò kì í dúró. Gbogbo ẹran ló ń fi ariwo lé lọ."

Mo mi orí.

"Ẹ sọ nǹkan, kí n gbọ́ ohùn yín."

Mo ní, "Rárá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Àtìní, ọjọ́ Ajé.

Èrò tí mo kọ́kọ́ gbé ni Màmá Tíṣà, ará Ọ̀mù-Àrán, tó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ Fọlákẹ́ tó ń gbé ní Challenge n'Ílọrin. Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo lọ gbé wọn. Màmá ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí Fọlákẹ́ fà mí sẹ́yìn búùtù.

"Bàbá, ojú Màmá ń lọ. Dókítà ní bó bá pẹ́, ọdún yìí náà ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́: e, erin. Wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán erin lára ògiri. Wọn ò rí erin gidi rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹyọ kan kí iná tó kú."

Mo gbé báàgì sínú ọkọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo wa ọkọ̀ ọ̀hún bí ẹni tó kó ẹyin. A kọjá oríta Màlété níbi tí Ráṣídá ti ń lọ sílé ìwé báyìí, a kọjá Bódé Sàádù. Lójú ọ̀nà, Màmá á nawọ́ síta.

"Kí nìyẹn, dírẹ́bà?"

"Igi ni, Màmá."

"Èyí ńkọ́?"

"Igi ni."

"Igi tún ni?" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bàbá yìí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀."

A sùn sí lọ́ọ̀jì mọ́jú. Ọjọ́ kejì, ní ìdájí, la wọ inú igbó gan-an. Aṣọ́gbó tó mú wa lọ, Bàrùbá ni, Wọ̀rú lorúkọ rẹ̀. Jíìpù ọ̀hún ò lórùlé. Ẹ̀yìn ló dúró sí, ó di irin mú. Ó ní, "Bàbá dírẹ́bà, bí mo bá gbá irin yìí lẹ́ẹ̀kan, dúró. Bí mo bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, máa rìn díẹ̀díẹ̀. Má fun fèrè. Má sọ̀kalẹ̀. Má pariwo."

Mo ní, "Èmi kọ́ lo máa sọ ìyẹn fún." Mo wá yíjú sẹ́yìn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo o."

Màmá ní, "Yẹ́sà," bí ọmọ iléèwé.

Mo ti gba ọ̀nà Kàìámà yẹn tó irun orí mi, mi ò mọ̀ pé gbogbo èyí ń mí lẹ́yìn igi. Òtolò dúró lọ́gbọọgba, wọ́n ń wò wá, ìwo wọn ń dán nínú ìkùukùu. Ìmàdò sáré kọjá, ìrù rẹ̀ nà sókè ṣánṣán bí eriá rédíò. Ìnàkí ńlá kan jókòó sáàárín ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò, kò dìde àfìgbà tó wù ú. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, Fọlákẹ́ ló ń júwe fún Màmá. Ẹran tó bá ti sá, ojú Màmá ò bá a mọ́.

Oòrùn yọ. Kò sí erin. Ọjọ́ yẹn náà la sì máa padà sílé.

Nígbà tó yá, Wọ̀rú rí ìgbẹ́ erin lójú ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó ní, "Ó ṣì gbóná." Ó bu eruku, ó jẹ́ kó máa dà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ìyẹn dáa, erin ò ní gbóòórùn wa. Ó gun ọkọ̀ padà, à ń rìn bí ìgbín. Ó gbá irin lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró.

Mo wò, mi ò rí nǹkan kan, àfi òkúta ńlá kan lábẹ́ igi irú. Mo ní lọ́kàn mi pé òkúta yìí mà jọ ọmọ òkè Sóbì n'Ílọrin.

Ni òkúta ọ̀hún bá ṣẹ́jú.

Màmá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Níbo? Fọlákẹ́, níbo?"

"Lábẹ́ igi yẹn, Màmá. Ó dúró jẹ́ẹ́ ni."

"Òjìji ni mò ń rí. Mi ò rí i o. Mi ò rí i." Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún.

Erin yẹn wá gbé ẹsẹ̀ kan, ó yọ sínú oòrùn. Bó ṣe ń jáde ni kò tán. Orí jáde, èjìká jáde, ara ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ bí igi, kò sì dún. Ẹ dákun, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"SÚBÚHÁNÀ ỌLỌ́HUN! ERIN!"

Mo ké e bí ẹni ń pèrun. Etí erin ṣí gbàgà bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́rì. Ó kọjú sí wa. Ó sì ń bọ̀.

Wọ̀rú ní, "Má mira. Má fọwọ́ kan gíà."

Ó ń bọ̀ nínú eruku. Ó han, ohùn yẹn, inú àyà mi ni mo ti gbọ́ ọ, ó ń gbọ̀n nínú ọwọ́ ọkọ̀ tí mo dì mú. Ó dúró. Bí mo bá ju bàtà, ó máa bà á. Mo ń ka kálímà nínú. Mo ní mo ti pa Màmá Tíṣà, mo ti pa ọmọ rẹ̀.

Ni mo gbọ́ Màmá. Ó ti dìde dúró.

"Mo rí i." Ó nawọ́ sí i. "Fọlákẹ́, etí rẹ̀! Wọ́n mà rẹ́ wa jẹ lórí àwòrán yẹn. Etí yìí tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Erin gbọn etí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò wá bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó sọ̀sọkúsọ, ó yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó rí àwọn yòókù tí wọ́n ń kọjá, pẹ̀lú ọmọ kékeré kan láàárín wọn. À ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọlé sínú igi.

Wọ̀rú bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ tó ní kì í ṣe ìwọ ni mo máa sọ fún! O fẹ́ pa wá!"

Mo ń bẹ Màmá, mo ń bẹ Wọ̀rú, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ti ọdún kan lọ. Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣebí wọ́n ní kí ẹni tó bá rí erin sọ pé òun rí erin? Ká ní ó dákẹ́ ni, òjìji nìkan ni ǹ bá gbé padà sílé."

Nígbà tá a dé lọ́ọ̀jì, tí mo ń di ẹrù, Màmá pè mí. Ó ní, "Ohun tó o pariwo yẹn, ṣé o lè kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀wé, Màmá."

Ó di ìka mi mú, ó fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn jíìpù, nínú eruku. "E nìyí. Wò ó, ó lanu bí ìwọ ṣe lanu." Ó kọ èyí tó kù tẹ̀ lé e, ó ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó wọ́, àmọ́ ó ní erin náà ni.

Bẹ́ẹ̀ la wọ Ìlọrin. Ọ̀gá bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdí tí mi ò fi fọ ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀. Òjò ló fọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn.

Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn kí orúnkún mi tó ní ó tó. Mo rí erin púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń dákẹ́. Ojú Màmá ti lọ tán báyìí, ṣùgbọ́n ó ń pè mí lórí fóònù. "Bàbá, etí yẹn ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá."

Ó tó. Ráṣídá, kà á fún mi kí n gbọ́, kà á sókè, má sáré. Níbi tó o bá ti kọ erin, dúró, kí n fìka mi sí i. Ìyẹn ni mo mọ̀.