Àtùpà Mẹ́kà àti Ojú Baba Ọkọ Mi

Ọkọ mi kò mọ irọ́ pa. Bó bá fẹ́ purọ́, ọrùn ló máa ń họ. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó pa tó jọ òótọ́, baba tó bí i ló pa á fún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú lọ́wọ́ bàbá náà.

Mi ò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà náà, ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí ogun àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Baba ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún múra láti bá àwọn Haúsá oníṣòwò rìn dé Mẹ́kà. Àpò awọ tó fẹ́ gbé dání ti wà lára ògiri kí n tó dé ilé náà. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Láti ilé dé mọ́ṣáláṣí ni gbogbo ìrìn tó kù fún un.

Ọkọ mi ń hun aṣọ òfì. Ó kó aṣọ tó hun láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò lọ sí Ìbàdàn, àtùpà aláwòrán ló sì gbé bọ̀: páànù dúdú kan tó ní ojú dígí níwájú, tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì tan iná sí nínú. Bí wọ́n bá ki àwòrán orí dígí bọ̀ ọ́, àwòrán náà á yọ gàgàrà lára aṣọ òfì funfun tí ọkọ mi hun, tí a ta sí ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ni ilé Ọlọ́run ní Mẹ́kà. Gbogbo Jímọ̀ tí Baba bá ti ìrun dé, yóò wọ yàrá tí kò ní fèrèsé, a ó ti ilẹ̀kùn, yóò sì jókòó wo Mẹ́kà títí epo á fi tán. Ojú rírán aṣọ wa pín ilé mímọ́ náà sí ọ̀já mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá aláṣọ òfì sọ ìyẹn?

Ará Èkó kan ní Ìbàdàn ló ta àtùpà náà fún ọkọ mi, ó sì kọ ìwé ìlérí lé e: bó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, òun á tún un ṣe. Oṣù mẹ́fà pé, àtùpà náà dára bí ọjọ́ tí a rà á. Ní oṣù keje ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọkọ mi gbé e rù, ó tún fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn. Ọkùnrin náà wo ìwé, ó ka ìka, ó ní ọjọ́ ìlérí òun ti kọjá, kò kan òun mọ́, àti pé ogun kò jẹ́ kí irú dígí bẹ́ẹ̀ wọlé. Kò tilẹ̀ ṣí àtùpà náà wò. Ọkọ mi padà délé pẹ̀lú ọrùn tó ń ro ó àti ìtìjú.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tan án bí ìṣe rẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì ti ń mú inú rìn mí láti bí ọjọ́ mélòó kan, mo fi etí ìborùn bo imú, mo dúró nínú yàrá lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lára aṣọ kò ju omi ògì tó dà sílẹ̀ lọ.

Baba ní, "Ṣé ó hàn?"

Ọkọ mi ní, "Ó hàn, Baba. Bó ṣe máa ń hàn náà ni."

Ìyàwó tuntun kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ níwájú baba ọkọ.

Láti ọjọ́ náà ni Baba ti ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri kó tó jókòó. Ó pa Àlùkùráánì rẹ̀ dé. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò ní kí n fi ọwọ́ òun sí etí àwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n sọ àpò awọ náà kalẹ̀, kí n fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ìgbà náà ló yé mi: ó ti gbà pé ojú òun ló ń fọ́. Mo gbé àpò náà pamọ́ sábẹ́ ẹní mi. Inú bí mi débi pé mi ò kí ọkọ mi nígbà tó ti ìdí òfì dé. Mo sọ fún un pé ojú bàbá rẹ̀ ló fi ń bo àtùpà tó bàjẹ́. Ó họ ọrùn. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ fún un pé Mẹ́kà ò sí mọ́.

Mo gbé àtùpà náà sọ́dọ̀ ara mi. Igun ibi tí èmi àti ìyá ọkọ mi ti ń ran òwú ni wọ́n ń gbé e sí. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo rí àwọn ihò kéékèèké nídìí rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí iná. Gbogbo wọn ti dí. Eruku òwú ni. Ó ti bá epo lẹ̀ pọ̀, ó le bí awọ. Eruku yìí wà nínú irun wa, ó wà nínú ọbẹ̀ wa, a ò rí i mọ́. Ará Èkó yẹn ì bá rí i, ká ní ó ṣí i wò. Mo fi igi kẹ̀kẹ́ òwú fà á yọ, mo fi eérú nu èéfín tó bo ojú dígí, mo rọra ṣe é kí n má lọ fọ́ ọ.

Jímọ̀ dé. Ọkọ mi ṣáná. Mẹ́kà yọ rekete, pẹ̀lú ọ̀já mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Baba gbé ọwọ́ rẹ̀ síwájú ojú, ó ka ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé bó ṣe máa ń hàn náà nìyí?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ foríjì mí, Baba. Àtùpà ló bàjẹ́. Ojú yín kò ṣe nǹkan kan."

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣe Alihamudulilahi tó ìgbà mẹ́ta. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó kọ ẹ̀yìn sí Mẹ́kà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀, ìyàwó rẹ̀, èmi. Ó wò mí pẹ́, láti ojú dé ọrùn, débi pé mo sorí kọ́.

Ó ní, "Ìyàwó, oṣù mélòó ni?"

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi gbé orí sókè nílẹ̀ níbẹ̀, ó wò mí, ó tún wo bàbá rẹ̀. Baba ní kí n dá àpò awọ náà padà sára ògiri, pé ẹni tó máa gbé e dé Mẹ́kà ti ń bọ̀ lọ́nà.