Bíṣọ́ọ̀bù Tó Há ní Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Ó ti pé ogún ọdún tí èmi Bámilóyè ti ń tẹ ìwé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Mo mọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì ta débi pé wọ́n fún mi ní oyè ọ̀gá. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ìwé kékeré kan lórí àṣìṣe tó ń mú kí ọmọ ayò há, mo sì fi ẹ̀rọ ara mi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tó ń ta ayò ní Bàrígà ló rà á.

Níbi ìdíje oṣù tó kọjá, Nusaibah ni wọ́n ní kí n bá ta, ọmọbìnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Mo rí ọmọ ogun rẹ̀ kan, ọmọ ayò tó kéré jù, létí pátákó, tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́. Ojúkòkòrò burúkú! Mo fi bíṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ ayò tó ń rìn ní ìdábùú, jẹ ẹ́. Ó rọra ti ọmọ ogun mìíràn síwájú, bíṣọ́ọ̀bù mi há síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀.

"Kí lò ń wò mí fún?" Mo jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, sà. Ó wà nínú ìwé yín, ojú ìwé kẹsàn-án."

Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo ní, "Mo mọ̀. Mò ń dán ẹ wò ni."

Ó gbà mí gbọ́. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà." Mi ò lè ní kó dìde.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yẹ ojú ìwé yẹn wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bóyá yíǹkì rẹ̀ mú dáadáa ni mò ń wò.