Awọ Méjì Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, nítorí n kò rí ẹni tó máa bá mi ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé ní Marshalltown, níhìn-ín ní Gúúsù ilẹ̀ Adúláwọ̀, lọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù tó ti òkè òkun dé, fọ́ọ̀mù tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ kì í padà wá. Wọ́n á dá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi padà nítorí ọjọ́ tí wọ́n ṣì kọ. Tèmi kẹ̀? Ó lọ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ mi wá ní òun fẹ́ kó awọ ewúrẹ́ wọlé láti Ọ̀yọ́, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ló fẹ́.

Iṣẹ́ awọ àti bàtà ni ọkọ mi kọ́ ní Ọ̀yọ́. Ìjọ Aládùúrà kan ní Troyeville ló sì ń lọ, níbi tí gbogbo wọn ti ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà ló ń bọ́ wa nígbà náà. Sikiọ́rítì ló ń ṣe lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Midrand, ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ àná ń ti inú ọkọ̀ ńlá fọn fèrè mọ́ ọn pé kí ó yára ṣí i. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìkan ló ń rí ran bàtà.

Ní ọdún tó ṣáájú ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Midrand rí sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Awọ pupa Ọ̀yọ́ ni, èyí tó kù nínú ẹrù tí ọkọ mi gbé wá láti ilé. Obìnrin náà ní kí ó ṣe ọgọ́ta fún òun, kí òun lè tà á fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù, bí ó bá sì dára, iṣẹ́ kò ní tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ pupa yẹn gan-an ni o, kì í ṣe òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ mi kọ̀wé fi géètì sílẹ̀ láìbi mí. Ọjọ́ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni awọ yóò ti wá.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ìwọ ni kí o máa bá Bàbá sọ ọ́ lórí fóònù, ṣebí ọ̀rọ̀ ìwé ni." Ó sọ ọ́ tán, ó kọjú sí ògiri. N kò fura.

Àárín ìgbà yẹn ni àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran, èyí tó máa ń dá egbò sí wọn lẹ́nu àti ní pátákò. Ìjọba kò fẹ́ gbọ́ orúkọ awọ, egungun, ìwo tàbí irun ẹran láti ibikíbi mọ́, àfi pẹ̀lú ìwé. Ìwé àṣẹ láti ìhín, ìwé dókítà ẹran láti ọ̀hún, tó sọ iye awọ tó yẹ̀ wò àti bí wọ́n ṣe ṣe é, èdìdì lẹ́nu àpò. Bí iye tó wà nínú àpò bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, iná ni wọ́n ń kó o sí.

Mo pe Bàbá lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, òǹtẹ̀, èdìdì, ọjọ́. "Bàbá, ogójì ni o!" Bàbá ní, "Ogójì, ìyàwó wa. Mo ti gbọ́. Ṣé adití ni mí ni?"

Ẹrù dé. Wọ́n ní kí a wá sí ilé ẹrù. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Zulu, ó lójú àánú, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgbúnwọ́. Ó ti tẹ́ awọ wa sórí tábìlì gígùn.

"Sisi, kà á fúnra rẹ."

Mo kà á. Méjìlélógójì. Mo tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bóyá yóò dín. Méjìlélógójì! Kíá ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èènì ni! Ta ni nínú wa ló ń ta ogójì nǹkan tí kò ní bu díẹ̀ lé e? Ẹni tó ra gààrí kóńgò kan pàápàá, ojú rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ olójà. Gbogbo nǹkan ni mo kìlọ̀ fún Bàbá, kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé kí ó má ṣe wá lóore. Èmi akọ̀wé àgbà!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í ṣe onífàyàwọ́. Níbi tí a ti wá, olójà máa ń fi díẹ̀ kún ohun tí èèyàn bá rà. Wọn kì í kà á mọ́ ọjà. Ìfẹ́ lásán ni."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Eish! Bansela ni àwa ń pè é!" Ó ní ìyá àgbà òun ta àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó ra márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gba ẹyọ kan lé e. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Àyà mi rọlẹ̀ díẹ̀.

Ó dá gíláàsì padà sójú. "Ṣùgbọ́n kò sí àrùn nínú àgbàdo ìyá àgbà mi. Ogójì ni dókítà yín rí. Bí ẹ bá lè fi méjì tí kò rí hàn mí, méjì yẹn nìkan ni màá sun. Bí ẹ kò bá lè fi í hàn, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ. Kí n tó ṣíwọ́ lónìí ni o."

Gbogbo wọn pupa. Gbogbo wọn jọra. Mo wo ọkọ mi, mo sì rí i pé géètì Midrand ló ń wò lójú inú rẹ̀. Mo pe Bàbá, mo ṣí ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bàbá, èènì tí ẹ fi sí i, èwo ni nínú wọn?"

"Èènì kẹ̀? N kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì o."

"Bàbá, méjì ló lé!"

Bàbá ní, "Ọkọ rẹ kò sọ fún ọ? Ó ku oṣù méjì kí n ṣe fírídọ̀mù fún un, ló bá gba ọ̀nà Gúúsù lọ láìdágbére. Awọ méjì tó fẹ́ fi ṣe ìdánwò wà nínú ìkòkò tí a fi ń rẹ awọ ní pupa. Èmi ni mo yọ wọ́n, mo sá wọn, mo gbé wọn sórí àjà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Ojú ń tì í láti pè mí, ó wá ń ti ìyàwó síwájú. Dókítà ka ogójì tán, mo ki méjì yẹn bọ àpò kí ó tó lẹ èdìdì; tirẹ̀ ni mo kó fún un. Sọ fún un pé ó yege. Kí ó wo ìdí ìrù, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ ò sọ pé ẹ gba fírídọ̀mù? Àní pẹ̀lú ijó!"

"Irọ́ ni mo pa."

Ká ní ilé la wà ni, gbogbo Troyeville ni ì bá gbọ́ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ síwájú. Obìnrin náà fún un ní ìbọ̀wọ́, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí awọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí ìrù. Àkọ́kọ́ wà láàárín, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìlà ọ̀bẹ kéékèèké mẹ́ta ló wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa wọ́n, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìbínú mi kò tó nǹkan mọ́.

Obìnrin náà rọra ní, "Ẹ mọ̀ pé iná ni."

Mo ti la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ní, "Má bẹ̀ ẹ́. Bàbá ti rí i, ó tó."

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Mo kọ "awọ ewúrẹ́ méjì", mo ṣì í kọ, mo fagi lé e, mo tún un kọ. Ọkọ mi fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Bàbá."

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá." Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ilé ẹrù náà, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

"Kí ló dé tí ohùn rẹ rí báyẹn?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Dìde, ọmọ mi. Mo ti tú ọ sílẹ̀. Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."

Òǹtẹ̀ fún ogójì yòókù ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó gbé e dúró lókè títí ọkọ mi fi dìde, ó wá tẹ̀ ẹ́.