Gàrí Ọjọ́ Ìsinmi

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn nípa ìgbà náà ni bí ọjà Adewui ṣe dákẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ti mú gbogbo Lomé ní Togo. Àwọn tí ń fẹ́ kí ìjọba yí padà ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ilé-ìwé tì, báńkì tì, àwọn sójà sì ń yìnbọn láàárín ìgboro. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà ń sá lọ. Gàrí ni mò ń tà, ọkọ mi sì ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí wàhálà tó le, ló bá ku èmi àti ìyá rẹ̀. Inú ilé ni mo ti ń tajà.

Nínú ìjọ wa, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di ìgbà tí yóò tún wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a kì í dáná, a kì í rà, a kì í tà. Ọdún méjì péré ni mo tíì lò níbẹ̀, mo sì ti le ju àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Kókó méjì ni mo máa ń ta sẹ́nu àpò gàrí mi lọ́jọ́ Ẹtì, bí ẹni pé gàrí lè dìde lọ ta ara rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí ó mú mi wọ ìjọ, a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé gbogbo ìlú jókòó nítorí ìjọba, èmi jókòó nítorí Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyá ọkọ mi lọ sílé ìsìn, mo dúró ṣọ́ ilé nítorí olè. Aládùúgbò wa obìnrin kan wọlé. Tíṣà ni, ará Atakpamé, ó bí ọmọ mẹ́ta. Ifẹ̀ ìhà Atakpamé, èdè tí ó bá Yorùbá tan, ni ó ń sọ, èmi ń sọ Yorùbá tèmi, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ó ní àwọn sójà ti wá ọkọ òun wá sílé láàárọ̀, wọn kò bá a, òun sì ń kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú wọn. Ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rìn títí wọn yóò fi rí ọkọ̀. Abọ́ gàrí mẹ́ta ni ó fẹ́ rà.

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé Ọjọ́ Ìsinmi ni, kí ó padà wá tí oòrùn bá wọ̀.

“Davi, a ò lè dúró dìrọ̀lẹ́,” ni ó wí, ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe arábìnrin ní Lomé. “Àwọn ọmọ ò tíì jẹun láti àná.”

Mo ní n ó gbàdúrà fún wọn. Ó dúpẹ́ lédè Faransé, “merci”, ó lọ. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tí ó pọn àbíkẹ́yìn, tí àwọn méjì tó kù gbé ẹrù tẹ̀lé e. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìdánwò ni, àti pé mo ti yege. Mo ṣí Bíbélì mi.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé, mo ròyìn fún un bí ẹni tí ń retí ìyìn. Ó jókòó, kò tilẹ̀ tú gèlè.

“Ta ní ní kí o tà á?” ni ó bi mí. “O ò ṣe bù ú fún un?”

Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti ń ta gàrí pẹ́ débi pé n kò rántí mọ́ pé èèyàn lè fi tọrẹ. Mo tú kókó méjèèjì, mo bu gàrí sínú ọ̀rá, mo sáré dé oríta. Àwọn sójà dá mi padà.

Nígbà tí ìlú rọ̀, àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé ilé tíṣà náà. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Atakpamé títí, kò sẹ́ni tí ó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Mo ṣì ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ a máa wá bi mí ní ohun tí ó tọ́ láti ṣe lọ́jọ́ náà, torí wọ́n rò pé àgbàlagbà bíi tèmi yóò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọ mẹ́ta fi ebi kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, gàrí wà nílé, mo sì ń ka Bíbélì.