Ojú Ìwé Tó Ń Pe Àgbà Ní 'Ìwọ'

Alálàá ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí ó lè dúró ti omi tó ń hó kí ọkàn rẹ̀ sì ti rin ìrìn àjò lọ. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nílé tí wọ́n ti ń rán ìrọ̀rí tà, ó yẹ kí ẹnì kan mọ bí àlá ṣe ń rí.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Àǹtí, ló ni ṣọ́ọ̀bù ìrọ̀rí náà. Ó gbé e kúrò nídìí òwú tó ń mú un sín, ó ní kó ṣe ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò máa pe oníbàárà.

"Tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, òwú ń dúró dè ọ́ o."

Alálàá ṣe é bíi yàrá ìdájí: àwọ̀ sánmà, ìrọ̀rí funfun kan, bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí àlejò má baà ṣìnà. Ẹni tó bá fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ tí kò rà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde bí ìkùukùu. Ẹnì kan péré ló fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Òun náà ló já wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, fóònù lọ́wọ́.

"Ta ló ń kọ̀wé sí mi pé 'Ṣé o ti sùn ni? O ò dá mi lóhùn'?"

"Ẹ má bínú, sà," ni Àǹtí wí. "Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ò níyàá ni? Kò kí mi tó fi béèrè orúkọ. Mo dárúkọ tán, ó ń pè mí ní 'ìwọ'!"

Alálàá gbé àga sí ojú fèrèsé fún un, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Kọ̀ǹpútà ò lójú tó lè fi rí ewú ni."

"Ìwọ tó lójú ńkọ́?"

Alálàá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó jókòó, ó ń tún un kọ. Gbogbo 'o' di 'ẹ'. "Ẹ kú ìsinmi" ṣíwájú ìbéèrè orúkọ. Bọ́tìnnì tó ń pàṣẹ pé "Rà á" di "Ẹ wá fi orí lé e".

"Báyìí ńkọ́, sà?"

Bàbá ti sùn lọ. Orí ti rì sínú ìrọ̀rí, ẹnu là díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀ láti òkèèrè.

Àǹtí yọ́ kẹ́lẹ́ dé. "Ṣé ojú ìwé yẹn ló mú un wá?"

"Òun ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ló wá."

"Mi ò béèrè bó ṣe wá." Ó wo bàbá náà títí. "Jókòó síbẹ̀, máa báṣẹ́ lọ. Rọra máa tẹ kọ̀ǹpútà o, kí àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé lè rí bàbá lórí ìrọ̀rí wa dáadáa kó tó jí."