Ọwọ́ Tó Ń Dá Orin Dúró

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tí mo padà sí Bantè, ìlú wa, láìríṣẹ́, ìjọ aláṣọ funfun wa ní kí n bá ẹgbẹ́ akọrin ṣètò ìdánrawò wọn, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní repetisọ̀n. N kò mọ orin. Wọ́n kàn gbà pé ẹni tó kàwé yóò mọ ètò í ṣe. N kò tíì rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá tó ń darí akọrin ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Níbi ìkórè ọdún tó kọjá ní Savalou, orin túká mọ́ wọn lẹ́nu. Olùṣọ́ àgùntàn wa ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

Mo jókòó, mo wò wọ́n. Bí ẹnì kan bá ṣi orin kọ, àwọn yòókù á máa kọ ọ́ lọ, wọ́n á sì máa fojú bú u. Mo wá dábàá òfin kan: bí ìyá bá gbọ́ àṣìṣe, kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí gbogbo wọn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n padà síbẹ̀rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé orin la ń kọ́ ni, àbí iṣẹ́ ṣọ́jà?" Ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Dákẹ́ ńbẹ̀," ni ìyá wí. "Ìwọ tó o ti ń wá ẹsẹ kejì láti èṣí!"

Kí ìkórè tó dé, wọ́n ti mọ dídákẹ́ bí ìlẹ̀kùn tí a tì.

Ní Savalou, ẹsẹ kìn-ín-ní dùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọpẹ́, orí ìyá wú, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí gbogbo wa ti máa ń ṣe bí a bá ń yin Olúwa, ó ké "Halelúyà!" Akọrin dákẹ́ lọ́lọ́. Wọ́n padà síbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dé ibi ọpẹ́, ọwọ́ tún lọ sókè.

Ìyá rò pé adùn orin ló ń mú wọn tún un kọ. Mo ṣẹ́jú sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tó yá, àwọn ará ibẹ̀ tó jẹ́ pé èdè Mahi nìkan ni wọ́n gbọ́ ti mọ ẹsẹ náà lórí. Mo dìde, mo lọ di ọwọ́ náà mú.

"Ta ló ń dí mi lọ́wọ́ ìyìn?"

"Òfin wa ni, Ìyá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí orin fi tán.

Lẹ́yìn ìsìn, olùṣọ́ pè wá. "Ṣé ẹnikẹ́ni ṣi orin kọ?"

Mo rò ó dáadáa. "Rárá, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ."

"Kí ìyá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà náà."

Nígbà tí a jáde, mo ní kí ìyá máa fi ọwọ́ òsì dá wọn dúró, kí ọ̀tún jẹ́ ti Olúwa.

"Ọwọ́ òsì!" ni ọkùnrin ohùn ìsàlẹ̀ ké. "Akọ̀wé, ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ kí ìyá máa nà sí àgbàlagbà?"

Ní ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ dá wọn dúró. Inú gbogbo wọn dùn sí i. N kò rán wọn létí pé a máa ń jó.